Ọ̀rọ̀ kan náà ń tún ara ẹ̀ sọ nínú kernel, báwo la ṣe lè dín in kù?

Ọmọ_Tanke

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ráútà àlòkù la fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Tanke níbí, OpenWrt, ìyẹn Linux tí wọ́n ṣe fún ráútà, ni mo ń gbé lé wọn lórí, MIPS ni irú CPU wọn, RAM wọn ò ju 64MB lọ, flash wọn ò ju 8MB lọ, ibi tówó wa mọ nìyẹn. Tá a bá ti tan án báyìí, kernel (ọkàn Linux fúnra ẹ̀) á gbé tiẹ̀, hostapd tó ń darí Wi-Fi á gbé tiẹ̀, dnsmasq tó ń pín àdírẹ́sì nẹ́tíwọọ̀kì á gbé tiẹ̀, kó tó kan àwọn ọmọ tó fẹ́ lò ó mẹ́mọ̀rì ti fẹ́ẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ inú kernel lọ láti wo ohun tá a lè gé.

Mo fi strings, irinṣẹ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ inú fáìlì jáde, wo vmlinux, ìyẹn fáìlì kernel tí wọ́n ti kọ́ tán, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde léraléra. "failed to" yìí, "enabled" tọ̀hún, "out of memory" ò lóǹkà, orúkọ function kan náà á jáde níbí á tún jáde lọ́hùn-ún. Ṣé compiler, tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, kì í da èyí tó bá jọra pọ̀ ni? Tó bá ń dà á pọ̀, kí ni mo wá ń rí? Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n kó gbogbo ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn sínú fáìlì kan ṣoṣo, kí driver kọ̀ọ̀kan (kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ kan) máa fi nọ́ńbà pè é, ká ní nọ́ńbà 12 ni "failed to get clock", ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ ọ́ á kàn pe 12. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i.

Ìgbómìnà_Root

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ gidi lò ń ṣe fáwọn ọmọ yẹn. Má tíì kó nǹkan kan jọ sínú fáìlì kankan. Kọ́kọ́ mọ èyí tí wọ́n ti bá ẹ ṣe, èyí tó kù á wá yé ẹ.

Gbogbo string (ọ̀rọ̀) tó o bá kọ sáàárín àmì ọ̀rọ̀, bí èyí tó wà nínú printk tí kernel fi ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde, GCC, compiler wa, kì í jù ú lásán sínú .rodata, apá tí ohun tí kì í yí padà ń wà. Lórí x86-64, inú .rodata.str1.1 tàbí .rodata.str1.8 ló ń kó o sí, á sì lẹ àmì méjì mọ́ ibẹ̀, SHF_MERGE àti SHF_STRINGS. Àmì yẹn ló ń fún linker, tó ń so gbogbo fáìlì pọ̀ di ọ̀kan, láyè pé èyí tó bá jọra níbí, kó dà á pọ̀. -fmerge-constants ló ń ṣe é, látorí -O (ìpele ìmúdára kóòdù) lọ sókè ló ti máa ń wà ní títàn, bẹ́ẹ̀ -O2 tàbí -Os ni wọ́n fi ń kọ́ kernel. Torí náà bí igba fáìlì bá kọ "enabled", ẹyọ kan ṣoṣo ló máa wà nínú vmlinux. Kò sí iṣẹ́ fún ẹ níbẹ̀.

Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. GNU ld, linker tá a sábà ń lò, máa ń wo ìparí string pẹ̀lú. Ká ní fáìlì kan ní "Omu-Aran", òmíràn ní "Aran", "Aran" ò ní gba àyè tiẹ̀ rárá, linker kàn máa tọ́ka sí àárín "Omu-Aran" níbi tí Aran ti bẹ̀rẹ̀, torí ibi kan náà làwọn méjèèjì parí sí, báìtì òdo tó ń fi ìparí string hàn, ọ̀kan náà ló pa wọ́n dé. Àmọ́ "Aran-Orin" ò lè bá wọn pín in, iwájú ló ti jọ "Aran", kì í ṣe ẹ̀yìn, òdo tó yẹ kó tẹ̀ lé "Aran" ò sí níbẹ̀. "failed to" tó o rí lọ́pọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe rí, iwájú ni wọ́n ti jọra: "failed to get clock", "failed to get reset", lójú linker string ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ń lo lld, linker míì, -O2 ti linker fúnra ẹ̀ ló máa tan wíwo ìparí yìí o, kì í ṣe -O2 ti compiler.

Ohun mìíràn ni pé vmlinux tó o fi strings wò yẹn ní debug info (ìsọfúnni fún wíwá àṣìṣe) nínú, .debug_str ńbẹ̀, .strtab ńbẹ̀, strings sì ń ka gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn. Ìyẹn ò sí lára ohun tó ń wọ RAM ráútà ẹ. Rodata nìkan ni kó o yọ wò:

objcopy -O binary --only-section=.rodata vmlinux rodata.bin
strings -n 10 rodata.bin | sort | uniq -c | sort -rn | head -50

Tó o bá rí 3 tàbí 6 tó lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, KERN_ERR àti KERN_INFO nìyẹn, ìpele bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Láti kernel 3.6 ní 2012, báìtì méjì ni ìpele kọ̀ọ̀kan, \001 pẹ̀lú nọ́ńbà, tẹ́lẹ̀ mẹ́ta ni, "<3>". strings ò lè tẹ \001 jáde, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ nọ́ńbà nìkan lò ń rí. Ó wá túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹnì kan fi pr_err (ìpele àṣìṣe) kọ tí ẹlòmíì fi pr_warn (ìpele ìkìlọ̀) kọ, méjì ni, wọn ò lè dà pọ̀.

Èyí tó wá jọra délẹ̀délẹ̀ tí linker ò sì dà pọ̀, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni array tó lórúkọ. Ẹnì kan á kọ static const char drv_name[] sínú fáìlì .h (tí àwọn .c jọ ń lò), gbogbo .c tó bá lò ó á gbé ẹ̀dà tiẹ̀ dání, linker ò ní fọwọ́ kàn án torí òfin C ni pé variable méjì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní #define ni, tàbí extern kan ṣoṣo, ẹyọ kan là bá ní. Èkejì ni __func__, tó ń di orúkọ function tó wà nínú ẹ̀. Ó jọ string lójú àmọ́ array ni C pè é, nítorí náà GCC á dá tiẹ̀ sọ́tọ̀ fún function kọ̀ọ̀kan tó bá lò ó. Tó bá wá jẹ́ static inline (function kékeré tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹ̀dà ẹ̀) tó wà nínú .h ló lo __func__, ẹ̀dà orúkọ yẹn á wà nínú gbogbo fáìlì tó pè é. Orúkọ function tó o ń rí léraléra yẹn, ibẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ wá a.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀fà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo ohun tí bọ̀dá Ìgbómìnà sọ ni mo fara mọ́, èmi fẹ́ sọ ti driver torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí báwọn èèyàn ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ driver ló máa ń kọ eléyìí sókè fáìlì:

#define pr_fmt(fmt) KBUILD_MODNAME ": " fmt

Ohun tó ń ṣe ni pé kí compiler tó fojú kan string rárá, orúkọ module (ègé kernel tí wọ́n lè gbé wọlé lọ́tọ̀) ti lẹ̀ mọ́ iwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tí pr_err àti pr_info inú fáìlì yẹn máa sọ. Ó dáa fún ẹni tó ń ka dmesg, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ wo ohun tó ṣe sí ìdàpọ̀: driver méjì tí wọ́n jọ sọ "failed to get clock", ọ̀kan ti di "foo: failed to get clock", èkejì ti di "bar: failed to get clock", ẹ̀yìn wọn jọra, àmọ́ kò sí èyí tó wà lódindi ní ìparí èkejì, nítorí náà linker ò lè ṣe nǹkan kan sí i. dev_err, tí wọ́n fi ń sọ àṣìṣe ẹ̀rọ kan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ driver, ìgbà tó bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ jáde ló ń lọ mú wọn látinú struct device, àkọsílẹ̀ kernel nípa ẹ̀rọ náà, ìpele ọ̀rọ̀ náà ò sí nínú string, torí náà ogún driver tó wà nínú vmlinux lè jọ sọ "failed to get clock\n" kó jẹ́ string kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Níbikíbi tó o bá ti ní struct device lọ́wọ́, dev_err ni kó o lò, tó bá jẹ́ ti nẹ́tíwọọ̀kì netdev_err ńbẹ. Kì í ṣe torí báìtì nìkan, ẹni tó ní káàdì méjì irú kan náà á mọ èyí tó ń ké.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ "out of memory" yẹn. Kò yẹ kó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Tí kmalloc, tó ń gba mẹ́mọ̀rì, bá kùnà, kernel fúnra ẹ̀ ló máa kígbe, á tẹ ìkìlọ̀ jáde pẹ̀lú stack tó máa fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn ẹ́, àyàfi tó o bá fi __GFP_NOWARN sọ pé kó dákẹ́. Torí náà ọ̀rọ̀ tí driver tún ń sọ lẹ́yìn ẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un, checkpatch.pl, script tó ń yẹ kóòdù wò, gan-an máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá kọ ọ́. platform_get_irq tí driver fi ń gba nọ́ńbà interrupt náà, láti 5.4 ní 2019 ló ti ń sọ àṣìṣe tiẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n sì kọ script Coccinelle kan tó ń lọ káàkiri orísun kernel láti yọ dev_err tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. devm_ioremap_resource náà ń sọ tiẹ̀. Driver àtijọ́ tí kò tíì yọ tiẹ̀ ṣì wà. Yíyọ irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí lérè ju kéèyàn máa wá bó ṣe máa dà wọ́n pọ̀ lọ, torí kì í ṣe string nìkan ló ń lọ, kóòdù tó ń pè é ń bá a lọ, if tó yí i ká ń lọ nígbà míì.

Ní ti "enabled" àti "disabled", ẹ wo include/linux/string_choices.h. str_enabled_disabled, str_yes_no àti str_on_off ńbẹ̀, láti 5.18 ní 2022 ni wọ́n ti wọ kernel, ṣáájú ìgbà yẹn oníkálukú ló ń kọ yesno tiẹ̀ sínú driver tiẹ̀. Ẹ máa sọ pé linker ti ń da "enabled" pọ̀ tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ tí ẹnì kan bá kọ "Enabled", tí ẹlòmíì kọ "ENABLED", tí ẹnì kẹta kọ "enable", kò sí linker tó máa da ìyẹn pọ̀. Tí gbogbo èèyàn bá gba ẹnu function kan kọjá, lẹ́tà wọn á bára mu. Ẹ kàn rántí pé static inline ni wọ́n, module kọ̀ọ̀kan tó bá lò wọ́n ṣì máa gbé "enabled" tiẹ̀ dání.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ module. Gbogbo ìdàpọ̀ tá a ń sọ yìí, inú vmlinux ló ń ṣẹlẹ̀. Fáìlì .ko kọ̀ọ̀kan, ìyẹn module kan, dá wà, ó ní rodata tiẹ̀, nígbà tí kernel bá sì ń gbé e wọlé kò sẹ́ni tó ń bá a wò ó bóyá string yìí ti wà nílé tẹ́lẹ̀. OpenWrt sì fẹ́ràn module. Nítorí náà bí Ọmọ_Tanke bá fẹ́ ka èyí tó ń tún ara ẹ̀ sọ, kó ka ti àwọn .ko náà mọ́ ọn, kó má fi mọ sórí vmlinux.

Alfa_Òkèlele

Àsàlámù àlékùn, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an, mo fẹ́ dáhùn apá tó bi wá nípa nọ́ńbà torí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Èrò yẹn ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Berkeley tó ń ṣe BSD, irú Unix kan, ní irinṣẹ́ méjì fún un. Ọ̀kan ń jẹ́ mkstr, ńṣe ló ń kó ọ̀rọ̀ àṣìṣe inú program jáde sínú fáìlì lórí disk, program á wá lọ kà á níbẹ̀ nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí kì í sábà jáde má baà máa gba mẹ́mọ̀rì. Èkejì ni xstr, ó bá 3BSD jáde ní ìparí 1979, òun ń kó gbogbo string inú program ńlá sí ojú kan, èyí tó bá jọra á di ẹyọ kan. Ìwé àlàyé xstr gan-an sọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ: tí string kúkúrú bá jẹ́ ìparí string gígùn, tó sì jẹ́ pé kúkúrú yẹn ló kọ́kọ́ rí, àwọn méjèèjì ló máa tọ́jú. "Aran" àti "Omu-Aran" tí Ìgbómìnà fi ṣàpẹẹrẹ nìyẹn. Linker òde òní ò ní ìṣòro yẹn torí ó ti rí gbogbo wọn tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n.

Ṣùgbọ́n nínú kernel, àbúrò, má ṣe nọ́ńbà. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé compiler ń bá wa ṣọ́ printk. Tó o bá kọ %s tó o wá fún un ní int, -Wformat á pariwo. Tí string bá ti sá sẹ́yìn nọ́ńbà 12, compiler ò rí i mọ́, ẹni tó bá sì yí ọ̀rọ̀ 12 padà lọ́jọ́ iwájú lè ba driver tí kò mọ̀ rí jẹ́, nínú kernel sì rèé, kì í ṣe program lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwá ọ̀rọ̀. Òfin ìkọ̀wé kernel sọ ọ́ gbangba pé kéèyàn má ṣe gé string tí olùlò máa rí sí ìlà méjì, bó tiẹ̀ gùn kọjá ìwọ̀n, torí pé tí ọ̀rọ̀ bá jáde nínú dmesg, grep lèèyàn fi ń wá ibi tó ti wá. Tó bá jẹ́ inú táblì kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, grep á mú ẹ dé táblì, ibẹ̀ ló sì máa fi ẹ́ sílẹ̀. Ohun kan náà ni mo ń sọ fáwọn tó ń fi "%s: %s failed\n" dín string kù. Báìtì á dín lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ráútà ẹ̀ kú ní Omupo lóru ò ní rí ọ̀rọ̀ kankan di mú.

Ibi tí irú táblì bẹ́ẹ̀ ti wúlò ni orúkọ ẹ̀rọ. NetBSD ń ṣe é fún orúkọ PCI àti USB, script awk ló ń gé orúkọ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ bíi "Controller" á wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ ẹ̀rọ á wá di ìtọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ó dáa níbẹ̀ torí kò sí %s nínú orúkọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Linux gba ọ̀nà míì, wọ́n yọ orúkọ PCI kúrò nínú kernel pátápátá láyé 2.6, lspci ló ń ka fáìlì orúkọ pci.ids níta.

kallsyms, táblì orúkọ function inú kernel, náà, wọ́n ti fún un pọ̀ tẹ́lẹ̀, má ṣe ìyọnu lórí ẹ̀. scripts/kallsyms.c ń wá ègé ọ̀rọ̀ tó ń jáde jù nínú orúkọ function, bíi "write_", á fi báìtì kan tí kò sẹ́ni tó ń lò ó rọ́pò ẹ̀, àlàyé tó wà lórí fáìlì yẹn sọ pé ó ń dé bí ìdajì. O lè pa CONFIG_KALLSYMS, àmọ́ oops (ìròyìn kernel nígbà tó bá kọsẹ̀) á di àdírẹ́sì lásán, èmi ò ní pa á lórí ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn gbójú lé.

Ní ti ìwọ̀n, flash àti RAM ò jọra níbí. Lórí flash, LZMA tàbí xz, ọ̀nà ìfúnpọ̀, ti fún kernel àti squashfs (àpò fáìlì ráútà) pọ̀, ohun tó bá ń tún ara ẹ̀ sọ sì nirú wọn mọ̀ ọ́n fún jù, nítorí náà 8MB ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára bó o bá yọ string. RAM ni ẹrù wà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u. Ní RAM náà, page (ègé mẹ́mọ̀rì) 4KB la fi ń wọ̀n fún module, o lè yọ 300 báìtì lára module kan kí iye page tó gbà má yí padà. Má sì fi bloat-o-meter, script kernel tó ń fi ìwọ̀n wéra, nìkan wọ̀n ọ́n, nm tó ń to orúkọ inú fáìlì ló ń lò, string tí kò lórúkọ ò sí nínú nm, á kàn sọ pé kò sí ohun tó yí padà. size ni kó o fi wò ó, rodata wà nínú ohun tó ń pè ní text.

Tí RAM bá jẹ́ ìṣòro gidi, config ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. CONFIG_DEBUG_BUGVERBOSE, Kconfig (àlàyé àwọn ètò config) fúnra ẹ̀ sọ pé ó ń gba bí 70 sí 100K, torí orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà fún gbogbo BUG, ibi tí kernel ti ń kéde àṣìṣe ńlá. CONFIG_DYNAMIC_DEBUG, ó sọ pé text kernel á fi bí 2% pọ̀ sí i, torí ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti kọ pr_debug ló ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀ tó ń tọ́ka sí module, function, fáìlì àti ọ̀rọ̀. Ráútà tó ti wà lójú iṣẹ́ ò nílò èkejì yẹn.

Ọmọ_Tanke

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n Ìgbómìnà, àǹtí Àbẹ̀kẹ́, Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti yọ rodata bí ẹ ṣe sọ, nǹkan yàtọ̀ pátápátá, ohun tó kù lókè báyìí ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, orúkọ function ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo sì ti pa DYNAMIC_DEBUG.

Ìbéèrè méjì ló kù. Mo rí -fmerge-all-constants nínú ìwé GCC, ó ní òun ń da array tó lórúkọ náà pọ̀, ṣé mi ò kàn lè tan ìyẹn kí __func__ àti gbogbo ẹ̀ jọ lọ lẹ́ẹ̀kan? Ìkejì, ọ̀rọ̀ tó wà nínú function __init, èyí tó jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rọ ń dìde nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ṣebí kernel ń dá mẹ́mọ̀rì wọn padà lẹ́yìn tó bá ti dìde tán, ṣé kí n má wulẹ̀ ka ìyẹn mọ́ ọn?

Ìgbómìnà_Root

Má tan án o. Clang, compiler míì, máa ń tan nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní 2018 ó dá wàhálà sílẹ̀ nínú BPF, apá kernel tó ń ṣe program kéékèèké, Android lórí arm64 ń kú. Kóòdù ibẹ̀ ń fi àdírẹ́sì wò ó bóyá array tó wà lọ́wọ́ òun ni empty_prog_array, èyí tó dúró fún pé kò sí program kankan. Compiler ti da òfìfo yẹn pọ̀ mọ́ òfìfo míì tó jọ ọ́, àdírẹ́sì ò wá bá ohun tí kóòdù ń retí mu mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi -fno-merge-all-constants sínú Makefile kernel. Ibi tí kernel ti ń fi àdírẹ́sì dá nǹkan mọ̀ pọ̀ jọjọ, o ò lè mọ gbogbo ẹ̀ tán. Èyí tó o bá rí tó jẹ́ ti __func__, lọ bá a níbi tó wà: tó bá jẹ́ pé inú static inline ni, gbé function yẹn kúrò ní .h lọ sínú .c kan, tàbí kó o yọ __func__ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà tí dev_err bá ti sọ tó.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀dà tún wà tí kì í ṣe ti compiler. Kernel máa ń fi kstrdup da orúkọ kọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ti sysfs, ti clock. Láti 4.0 ní 2015 ni kstrdup_const ti wà, tó bá rí i pé string yẹn wà nínú rodata kernel, kò ní dà á kọ, á dá àdírẹ́sì kan náà padà fún ẹ, kfree_const náà á sì mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ látinú module ni string ti wá, á dà á kọ, bó sì ṣe yẹ nìyẹn, torí wọ́n lè yọ module yẹn kúrò lọ́la. Driver tó bá ń fi kstrdup da orúkọ tí kò ní yí padà kọ, ibẹ̀ wà fún ẹ láti ṣe.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀fà

Ti __init, kóòdù ẹ̀ ló ń lọ, string ẹ̀ ò lọ. Ọ̀rọ̀ tó o kọ sáàárín àmì nínú function __init, .rodata ló ń wọ̀ bíi ti yòókù, á sì wà níbẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi kú. Ẹnì kan gbé plugin GCC kan wá ní 2016, initify, tó fẹ́ máa kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa dá a padà, wọn ò gbà á wọlé. Ọ̀nà tó wà ni kó o sọ ọ́ di static const char tó lórúkọ kó o lẹ __initconst mọ́ ọn. Àmọ́ o ti gbọ́ lókè pé èyí tó bá ti lórúkọ kì í dà pọ̀ mọ́ nǹkan kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ gígùn tí kò sí níbòmíì ni kó o ṣe bẹ́ẹ̀ fún. "failed\n" kúkúrú tí gbogbo ayé ń lò, fi sílẹ̀ níbi tó wà.

Tó o bá fẹ́ fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́, mú driver kan tí ráútà ẹ fúnra ẹ̀ ń lò kó o lè dán an wò lórí ẹ̀rọ, yọ ọ̀rọ̀ kmalloc àti ti platform_get_irq kúrò nínú ẹ̀, fi checkpatch yẹ̀ ẹ́ wò, get_maintainer.pl á sọ ẹni tó o máa fi ránṣẹ́ sí fún ẹ, kó o kọ àbájáde size ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí sínú àlàyé ẹ̀. Má kó str_yes_no nìkan jọ rẹpẹtẹ ránṣẹ́, àwọn alábòójútó kan kì í fẹ́ ìyípadà tó jẹ́ kìkì ìyẹn.

Alfa_Òkèlele

Kó o sì fi config ráútà ẹ gan-an wọ̀n ọ́n, má fi x86 orí láptọ́ọ̀pù ẹ ṣe é. Lórí MIPS, .rodata.str1.4 lo máa rí, string kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí mẹ́rin lè pín, àlàfo á sì wà láàárín wọn. Ìparí tí linker ń wò náà gbọ́dọ̀ bọ́ sórí mẹ́rin kó tó lè dà á pọ̀. "Aran" inú "Omu-Aran" á bọ́ sí i, torí lẹ́tà mẹ́rin ló ṣáájú ẹ̀, "ran" ò ní bọ́ sí i. Lórí x86, nínú str1.1, "ran" náà á wọlé.